Iye Ọjọ́ Tí Mo Fi Ránṣẹ́

Ojo ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó ń ka ìtàn yìí má baà máa retí akọni. Kì í ṣe ìlú òyìnbó ló sọ mí di ojo, láti ilé ni mo ti gbé e wá. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Fìdítì, bí màmá mi bá rán mi sí ilé pásítọ̀ wa, ẹnu ọ̀nà ni màá dúró sí títí ẹnì kan yóò fi jáde wá da omi nù, nítorí pé mi ò lè kan ilẹ̀kùn. Tíṣà ni màmá mi, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó ní ọjọ́ tí mo bá dé ọ̀run pàápàá, ìta ni wọn yóò ti bá mi, tí màá máa wo ẹsẹ̀ ara mi.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló di ẹrù, tó ní òun ń lọ sí ìlú òtútù lọ ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà níbí kì í ṣe òtútù. Gbogbo ayé ti fi òtútù dẹ́rù bà mí kí n tó kúrò nílé, mo sì ti ra ẹ̀wù tó lè bo màlúù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ilé alájà mẹ́rin ni mo ń gbé, ènìyàn kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kí ẹnì kan pe ẹnì kan. Nílé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán lo ti máa gbọ́ tí ìyá kan ń jí ọmọ rẹ̀, tí ẹlòmíràn ń ṣépè fún ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Níbí, bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, obìnrin tó ń gbé lójúkojú pẹ̀lú mi máa ń dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ títí màá fi wọlé. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ẹ̀rù mi ló ń bà á. Èmi! Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà mo sunkún, nítorí bí mo ṣe wọlé tán, èmi náà dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tèmi.

Ilé iṣẹ́ tó gbà mí kò tóbi. Iṣẹ́ wọn ni láti ṣètò bí àwọn nọ́ọ̀sì yóò ṣe máa lọ gún àwọn arúgbó ní abẹ́rẹ́ nílé. Púpọ̀ nínú àwọn arúgbó náà ni kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Àwọn kan ń gba abẹ́rẹ́ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tí tiwọn le jù, bí wọ́n bá gbà á lónìí, ọ̀túnla ni wọn yóò tún gbà á. Bí wọn ò bá rí i gbà, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù lára wọn, á máa rẹ̀ wọ́n, òòyì á sì máa kọ́ wọn. Mo mọ gbogbo èyí láti ọjọ́ kìíní. Kò sẹ́ni tó tàn mí pé iṣẹ́ eré ni.

Ètò kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kọ kí wọ́n tó bí mi, ní èdè kọ̀ǹpútà kan tí àwọn ọ̀dọ́ kì í kọ́ mọ́. Òun ló ń tẹ ìwé tí nọ́ọ̀sì ń mú rìn: ilé ta ni, ọjọ́ wo. Ó ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí n kọ òmíràn síwájú rẹ̀ ní èdè tuntun, èyí tí dókítà yóò máa rí. Dókítà á tẹ ọjọ́ abẹ́rẹ́ kan àti ọjọ́ tó fẹ́ kí wọ́n gún èyí tó tẹ̀ lé e. Ètò tuntun á wá pe àtijọ́, á sì fi nǹkan mẹ́rin lé e lọ́wọ́: nọ́ńbà aláìsàn, orúkọ oògùn, ìwọ̀n oògùn, àti iye ọjọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni dókítà ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, iye ọjọ́ yẹn náà ni ètò yóò máa fi ránṣẹ́.

Èdè méjì tí kò gbọ́ ara wọn ni. Èyí tó ń gbà kì í béèrè orúkọ ohun tí wọ́n fún un, ipò tó wà ló mọ̀. Ohun tí o bá fi sí ipò kẹrin, ọjọ́ ni yóò pè é, kódà bó jẹ́ iye ọsàn inú agbọ̀n lo kọ síbẹ̀. Wọn kì í sì í tọ́jú nọ́ńbà bákan náà. Nọ́ńbà lè kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó rán an ní odindi, kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á ní àbọ̀. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń ṣọ́ nǹkan mẹ́rin yìí lójú ọ̀nà kí ohunkóhun má baà já bọ́ lára wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ èdè àtijọ́ náà, bàbá kan tó ń jẹ́ Lars, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìntì. Ó ní kí n máa pe òun ní Lars lásán. Ẹni tó ju bàbá mi lọ! Mo ń pè é bẹ́ẹ̀, ahọ́n mi sì ń wúwo. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, èdè tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kì í sì í ṣe tèmi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á ní, "Ẹ̀n? Tún un sọ." Màá tún un sọ. Á tún ní, "Ẹ̀n?" Nígbà tó bá fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, òógùn á ti bò mí nínú òtútù. Kò bínú sí mi, etí rẹ̀ ni kò mọ ohùn mi. Ṣùgbọ́n kó tó tó oṣù méjì, mo ti pa ìbéèrè tì pátápátá. Ohun tí mo bá lè fi orí ara mi rò, màá rò ó.

Lórí ìwé tí Lars fún mi, ohun tó kọ síwájú ipò kẹrin kò ju "ọjọ́" lọ. Láti ibo dé ibo? Mo fẹ́ béèrè. Mo dìde lẹ́ẹ̀kan, mo dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀, mo bá a tó ń jẹ búrẹ́dì. Mo kí i kú oúnjẹ ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀n?" Mo padà lọ jókòó.

Mo kà á bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kà. Mo yọ ọjọ́ ìṣáájú kúrò nínú ọjọ́ ìkẹyìn, mo sì fi ọ̀kan kún un, nítorí ọjọ́ òní náà, ọjọ́ ni. Nílé wa, a kì í ka ọjọ́ ká pa òní tì. Lẹ́yìn náà mo yẹ iṣẹ́ mi wò. Mo fi ẹ̀jọ ránṣẹ́, ẹ̀jọ dé. Mo fi ẹ̀ta ránṣẹ́, ẹ̀ta dé, kò lé, kò dín. Inú mi dùn débi pé mo ra kéèkì fún ara mi, mo dá nìkan jẹ ẹ́ tán. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe lókè òkun! Ingrid, ọ̀gá wa, bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo ọ́fíìsì, wọ́n sì jẹ́ kí ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọjọọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni màmá mi máa ń pè mí tí a ó rí ojú ara wa nínú fóònù. Irọ́ la máa ń pa fún ara wa. Mo jẹun, mo sùn, ọ̀rẹ́ mi pọ̀. Òun náà á ní orúnkún kò dun òun mọ́, òjò kò sì wọ yàrá òun mọ́. Màá máa wo ibi tí òjò ti ya àwòrán sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá ti parí, màá jókòó jẹ́ẹ́, ìbẹ̀rù kan á sì bò mí tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń rí ní Fìdítì ń rẹ́rìn-ín jù. Ẹni tí wọ́n ń rí ní ọ́fíìsì dákẹ́ jù. Kò sí èyí tó jẹ́ èmi nínú àwọn méjèèjì, mo sì ń bẹ̀rù pé bí ẹnì kan bá béèrè èmi gan-an lọ́jọ́ kan, wọn ò ní rí mi. Ìwé ìgbélùú mi sì ń parí lọ ní òpin oṣù tó ń bọ̀. Lẹ́tà ọ̀gá mi nìkan ló lè tún un ṣe. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, èmi náà bọ́ nìyẹn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí màmá mi pè ní ọ̀sán Àìkú kan, tó ń pariwo kí ojú rẹ̀ tó hàn.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ti bí o! Láàárọ̀ yìí, ní Ìlọrà. Ọkùnrin làǹtì-lanti!"

"Ẹ kú ewu o, Mà! Ọlọ́run á wò ó. Ìgbà wo ni ìkómọ?"

"Ìgbà wo kẹ̀? Òní Àìkú, Àìkú tó ń bọ̀ ni yóò pé ọjọ́ mẹ́jọ. Kí o yáa lọ wá orúkọ tí wàá sọ ọ́."

Mo ń rẹ́rìn-ín. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri yàrá mi, mo gbójú sí i láti wo Àìkú tó ń bọ̀. Ojú mi kúrò lórí òní, ó bọ́ sórí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìlà kan péré ló sọ̀ kalẹ̀, ọjọ́ méje ló sì wà lórí ìlà kan.

Àìkú sí Àìkú. Ọjọ́ mẹ́jọ la ń pè é láti ìgbà tí mo ti dáyé, kò sì sẹ́ni tó ṣìnà ìkómọ rí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá mú ẹ̀jọ yẹn tó fi kún òní, Ajé ni yóò bá ara rẹ̀. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

"Kí ló ṣe ojú rẹ?" ni màmá mi wí.

"Kò sí o, Mà. Màá pè yín padà. Iná... iná fẹ́ lọ."

"Iná? Ní òyìnbó?"

Mo ti pa fóònù.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà mi kó tó gbà. Ohun tí mo bẹ̀rù ni mo bá. Ètò àtijọ́ kì í ka òní. Láti ọ̀la ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó yẹ kí wọ́n gún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọjọ́ mẹ́jọ láti ọ̀la ni wọ́n ń kà fún un, ọjọ́ kan ló sì fi ń pẹ́. Èyí tó burú ni ti àwọn tó ń gbà á lónìí tí wọ́n tún ń gbà á ní ọ̀túnla. Òní, ọ̀la, ọ̀túnla: ẹ̀ta ni mo kà. Ètò àtijọ́ fi ẹ̀ta kún òní, ó sì fo ọ̀túnla kọjá. Dókítà ń wo ètò tuntun, ọjọ́ tirẹ̀ pé. Nọ́ọ̀sì ń wo ìwé tirẹ̀, lójú tirẹ̀ kò sí àṣìṣe, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ nọ́ọ̀sì lójoojúmọ́. Nínú gbogbo ilé iṣẹ́ náà, èmi nìkan ni mo lè rí apá méjèèjì.

Èrò tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kò dára, mi ò sì ní fi pamọ́. Kí n pa ọ̀kan tí mo fi kún un rẹ́. Kí n fi í ránṣẹ́, kí n pa kọ̀ǹpútà dé. Láti ọ̀la ohun gbogbo á pé, ta ni yóò mọ̀? Mo pa á rẹ́. Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì. Mo rí ìwé ìgbélùú mi, mo rí màmá mi tó ń fi mí yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, mo rí ara mi ní pápákọ̀ òfuurufú pẹ̀lú àpótí. Mo sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó dá mi dúró ni pé ìwé òní ti jáde láti àárọ̀. Orúkọ kan wà níbẹ̀, Ìyáàfin Holm, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tó ń dá gbé. Òní gan-an ló yẹ kí wọ́n gún un, ṣùgbọ́n ọ̀la ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Bí mo bá tún ètò ṣe ní ìkọ̀kọ̀, kò sí dókítà tó máa mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí ti ń dínkù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣìṣe lèyí tí mo ti ṣe. Èyí tí mo fẹ́ ṣe yìí kì í ṣe àṣìṣe.

Mo pe Ingrid. Ariwo ọmọ kún ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ingrid, mo ka ọjọ́ náà ní àṣìṣe."

"Ẹ̀n? Mi ò gbọ́ ọ."

"Ọjọ́ abẹ́rẹ́. Mo kà á ní àṣìṣe. Wọ́n ti ń pẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

"Rọra tún un sọ."

Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Nínú gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ní kí n tún ọ̀rọ̀ sọ nílùú yìí, kò sí èyí tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ariwo ọmọ dákẹ́. Ingrid ti jáde sí ìta.

"Ta ló mọ̀?" ó bi mí.

"Èmi nìkan."

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mò ń bọ̀ ní ọ́fíìsì."

Kí oòrùn tó wọ̀, nọ́ọ̀sì ti ń lọ láti ilé dé ilé. Bí wọ́n bá ti gún ẹnì kan, wọn á pè, Ingrid á fa ìlà sí orúkọ rẹ̀. Ó kù ẹyọ kan. Ìyáàfin Holm kò sí nílé. Aládùúgbò rẹ̀ ló sọ fún nọ́ọ̀sì pé òòyì kọ́ ọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ṣubú nínú ilé ìdáná, egungun ìbàdí rẹ̀ sán, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ọsibítù.

"Ṣé èmi ni?" mo bi Ingrid.

"Arúgbó máa ń ṣubú," ó ní. "Kò sẹ́ni tó lè sọ."

Ní àárọ̀ Ajé, wọ́n pè mí sí yàrá ìpàdé. Ingrid wà níbẹ̀, Lars wà níbẹ̀, ọkùnrin méjì tí mi ò rí rí náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Ta ló ní kí a ka òní mọ́ ọn?" ni ọ̀kan nínú wọn bi mí.

"Èmi ni, sà."

"Kí nìdí?"

Mo ṣàlàyé ìkómọ. Mo ní ọmọ tí wọ́n bá bí ní Àìkú, Àìkú kejì là ń sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ mẹ́jọ sì ni. Wọ́n wo ara wọn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún létí wọn, bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò yẹ kí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé.

Lars ló fọhùn. "Èmi ni mo kọ 'ọjọ́' sórí ìwé tí mi ò kọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti kọ ètò yẹn, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n." Ó yíjú sí mi. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o kò béèrè?"

"Mo wá béèrè. Ẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Wọn ò lé mi. Ingrid kọ lẹ́tà ìwé ìgbélùú mi, ó sì kọ ohun tí mo ṣe sínú fáìlì mi, lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú bíírò kan náà. Ó yẹ kí ara tù mí. Kò tù mí. Àràárọ̀ ni mo ń ka ìwé nọ́ọ̀sì láti òkè dé ìsàlẹ̀ láti wá orúkọ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá wà ní ọsibítù, bí wọ́n bá ti sọ fún wa, ètò á yọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá kú, ètò á yọ orúkọ rẹ̀. Mi ò lè wo ìwé náà kí n mọ èwo ni.

Lọ́jọ́ ìkómọ, màmá mi pè mí láti Ìlọrà. Wọ́n gbé ọmọ sójú fóònù, mo sọ ọ́ ní Ìtùnú, gbogbo wọn ṣe àmín. Lẹ́yìn náà màmá mi gbé fóònù lọ sí ẹ̀yìnkùlé, sábẹ́ igi ọsàn, ibi tí kò sí ariwo.

"Ó yá, ta ló pa iná níjọsí?"

Mo fẹ́ parọ́. Ẹnu mi kọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì gbọ́ mi dópin láìdá sí i, ohun tí kò ṣe rí.

"Ìyá tó ṣubú yẹn, ṣé o ti bẹ̀ ẹ́?"

"Màmá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Lọ́yà ló ń bá ènìyàn bẹ ènìyàn."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́yà? Ẹnu tìrẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Mà."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bí ọ. Jẹ́ kí ó máa bà ọ́, kí o sì bẹ̀ ẹ́."

Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà kí Ingrid tó dé àárín ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó ní Ìyáàfin Holm ti padà sílé. "Ó ní òun kò gba ìwé wa gbọ́ mọ́. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ kí ènìyàn pe òun, kó fi ẹnu sọ ọjọ́ tó kàn fún òun. Ta ló lè máa ṣe é?"

Mo rí ọwọ́ kan lókè. Ọwọ́ mi ni.

"Ìwọ?" Ingrid sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò pọn dandan kí o sọ fún un ẹni tí o jẹ́."

"Mo mọ̀."

Fóònù dún títí, mo sì ń gbàdúrà kó má gbé e. Ó gbé e.

"Láti ọ́fíìsì abẹ́rẹ́ ni, Mà. Wọ́n ti gún yín lónìí?"

"Wọ́n ti gún mi."

"Òmíràn di ọ̀túnla."

"Ẹ̀n?" Gẹ̀ẹ́sì òun náà kò ju tèmi lọ. "Ohùn rẹ ṣòro fún mi. Ibo lo ti wá?"

"Fìdítì," mo ní, bí ẹni pé ó yẹ kó mọ ibẹ̀.

"Mi ò mọ ibẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Mi ò mọ ìgbà tí mo kúrò lórí àga; ìgbà tí mo fi mọ̀, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, gbogbo ọ́fíìsì sì ń wò mí. "Mà, ẹni tó ka ọjọ́ yín ní àṣìṣe, èmi ni. Nọ́ọ̀sì kọ́, dókítà kọ́. Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo ń gbọ́ aago kan tó ń dún nínú yàrá rẹ̀, mo sì rò pé ó ti gbé fóònù sílẹ̀.

"Ìbàdí mi ń dùn mí," ó wí níkẹyìn. "Bí mo bá fẹ́ yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń ké."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kà á. Kí n gbọ́ bí o ṣe ń kà á."

"Ọ̀la," mo ní, "ọ̀kan."

"Ọ̀túnla," ó ní, "èjì."